Ọ̀rọ̀ Bàbá Jímọ̀ Kò Sí Nínú Ìwé Kánsù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Kò dùn mí mọ́, kò sì fúyẹ́. Mo kàn ń gbé e ni. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé wọ́n ti pè mí sí kóòtù oṣù tó ń bọ̀, ìwé tí mo kọ ni wọ́n sì fẹ́ kà níbẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé kánsù kékeré kan nítòsí Lọ́kọ́jà. Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Èmi àti ìkarùn-ún pínyà láìjà. Nígbà tí àṣẹ dé láti òkè pé gbogbo kánsù gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tí ará ìlú bá sọ ní ìpàdé sílẹ̀, kí wọ́n sì kà á sí wọn létí ní ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e, àwọn ìgbìmọ̀ wo yàrá yíká. Èmi nìkan ni pẹ́ẹ̀nì wà lápò mi. Pẹ́ẹ̀nì náà kò ní íǹkì, ṣùgbọ́n wọn ò bèèrè.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ń sọ Haúsá, ẹnìkan ń sọ Nupe, àwọn àgbẹ̀ ń sọ Ọ̀wọ́rọ̀, èmi ni kí n sọ gbogbo ẹ̀ di Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀. Mi ò lè ṣe é. Ó yẹ kí n sọ. Àmọ́ wọ́n ti ń pè mí ní Akọ̀wé, ìyàwó mi pàápàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ mi ro ara yín wò.

Ìwé àwòkọ kan bá àṣẹ náà wá. Ohun méjì ló wà nínú ẹ̀: pé a jíròrò, àti pé gbogbo ìjókòó gbà. Mo ń dà á kọ. Ìpàdé dé, ìpàdé lọ, a jíròrò, gbogbo ìjókòó gbà.

Tó bá wá di kíkà, màá ṣí ìwé, màá tẹjú mọ́ ọn, màá sì máa sọ ohun tí oníkálùkù sọ látinú orí mi, ní èdè tó fi sọ ọ́. Orí mi kì í gbàgbé nǹkan. Ìwé nìkan ni kò gbà.

Bàbá Jímọ̀, àgbẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ kan, bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Akọ̀wé, ibi tí mo ti wúkọ́ ńkọ́, ṣé o kọ ọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ wúkọ́."

Ó kọjú sí àwọn tó jókòó tì í. "Ìwé yìí sàn ju ìyàwó lọ. Kì í fi kún un."

Kò pẹ́ ni kánsù ní àwọn fẹ́ gba ilẹ̀ kan létí odò láti kọ́ ọjà sí. Bàbá Jímọ̀ ló nilẹ̀. Ó dìde, kò pariwo. Ó ní, "Ilẹ̀ yìí ni mo fi ń bọ́ ilé mi. N ò tà á, n ò yá yín, n ò fi tọrẹ. Akọ̀wé, kọ ọ́." Mo tẹrí ba, mo kọ ọ́ pé gbogbo ìjókòó gbà.

Ní ìpàdé kejì, mo kà á sí i létí: kò tà á, kò yá wọn, kò fi tọrẹ. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó ní kí n gbé ìwé wá kí òun tẹ̀ka sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà yí ọ̀rọ̀ òun padà. Mo gbé íǹkì fún un. Èmi ni mo bá a di àtàǹpàkò ẹ̀ mú.

Kánsù ò fọwọ́ kan ilẹ̀ náà títí di ọdún yìí, tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Bàbá gba kóòtù lọ. Ó ní òun ní ìwé. Àwọn ìgbìmọ̀ náà ní àwọn ní ìwé. Ìwé kan náà ni.

Ó gbé iṣu mẹ́fà wá bá mi nílé ní àdúgbò Kpata. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ ṣáà gbé ìwé yẹn wá." Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." A ti jẹ iṣu náà tán. Ó dùn.

Akọ̀wé kóòtù ló máa kà á, ẹni yẹn sì mọ̀wé. Tí mo bá sọ òótọ́, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, wọ́n sì lè tì mí mọ́lé. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní. Tí mo bá dákẹ́, àtàǹpàkò Bàbá ló máa lé e kúrò lórí ilẹ̀ ẹ̀.

Mo ti lọ sóko ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti jẹ́wọ́. Nígbà méjèèjì, abẹ́ igi ló jókòó sí, bó sì ṣe rí mi lókèèrè ló dìde fún mi. Ẹni tó tó bí bàbá mi lọ́mọ. Mo kí i kú iṣẹ́, mo padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ṣé kí n sọ fún un lóko ni, àbí kí n jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu akọ̀wé kóòtù? Mo mọ èyí tó dáa níbẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń ṣe é ni mò ń bèèrè.