Omi Òdòdó Nínú Ìgò Kornélia

Ẹ má tíì gé kéèkì yẹn. Mo mọ̀ pé ọjọ́ orúkọ mi lòní, ọjọ́ tí kàlẹ́ńdà yà sọ́tọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yìí, ẹ sì ti ra òdòdó fún mi, ṣùgbọ́n òdòdó gan-an ló dá mi lẹ́jọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Dókítà ti sọ fún mi pé n kò ní í rí ìgbà ìrúwé, n kò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Kornélia lorúkọ ọmọbìnrin náà. Èmi Otília ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí yìí: bá a ṣe ń gba ilé ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ ní odò ẹran láàárọ̀, bá a ṣe ń gbé e wá nínú fúláàsì olómi lílọ́wọ́ọ́wọ́, bá a ṣe ń fa sẹ́ẹ̀lì tó yí ẹyin ká jáde láì pa wọ́n. Láàárín ọdún méjì ó ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ondrejka, ọ̀gá wa, gbé àwo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sókè lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọwọ́ wúrà rèé." Mo ti bá ọkùnrin yẹn ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún, kò wo ọwọ́ tèmi rí. Mo jowú ọmọ náà gidigidi.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn máa ń gbọ́ràn sí họ́mọ̀nù tó ń ní kí ẹyin gbó. Kornélia ní tí àwọn ọmọ ogun ara bá ń bá àrùn jà, àwọn ońṣẹ́ tí wọ́n ń rán síra wọn ń dé ilé ẹyin pẹ̀lú, sẹ́ẹ̀lì á sì kọ etí ikún sí họ́mọ̀nù. "Àǹtí," á ní, "obìnrin lè máa wá oyún kiri, kó sì jẹ́ pé ariwo ogun ni kò jẹ́ kí ilé ẹyin rẹ̀ gbọ́ràn."

Ọjọ́ márùn-ún péré ni ọjọ́ orúkọ rẹ̀ fi tẹ̀lé tèmi. Ó yan kéèkì oyin wá, gbogbo òṣìṣẹ́ sì kóra jọ sí yàrá kejì. Òdòdó tèmi ti ń rà lójú fèrèsé. Mo fa omi inú ìkòkò rẹ̀, mo sẹ́ ẹ kó má baà rú, torí mo mọ̀ pé asẹ́ á dá kòkòrò dúró, kò ní í dá oró wọn dúró. Mo dà á sínú ìgò tí Kornélia fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ọwọ́ mi ò tíì gbẹ tí Kornélia fi gbé àwo kéèkì kan wọlé.

"Àǹtí Otília, mo fi tiyín pamọ́. Iṣẹ́ yìí á pa yín o. Ẹ jókòó, ẹ jẹ ẹ́."

Mo jẹ ẹ́ tán.

Gbogbo àwo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni kò gbọ́ràn sí họ́mọ̀nù mọ́, àní èyí tí kò fi ońṣẹ́ kankan sí. Ondrejka bínú. Kornélia ní, "Ọ̀gá, sẹ́ẹ̀lì kì í purọ́. Nǹkan kan ló kéde ogun fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n yẹ ìgò náà wò."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Otília, kí lẹ rí sí i?"

Mo lè jẹ́wọ́ níbẹ̀, kí n gba ìtìjú mi. Ohun tí mo sọ ni pé, "Bóyá kì í fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa."

Ọ̀gá ní, "Ìgò náà ńkọ́?"

"Mo ti dà á nù, bí òfin wa ṣe wí."

Kornélia wò mí. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́."

Kí Kérésì tó dé, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Àwọn ẹlòmíì níbòmíì ló padà tẹ ohun tó rí jáde, kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ilé oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin ló ti ń ta oògùn báyìí. Mo máa ń gba títì kejì kí n má baà kọjá níwájú rẹ̀.

Irọ́ ni mo pa. N kò da ìgò náà nù. Ìsàlẹ̀ fírísà ló wà láti ọjọ́ yẹn, òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì yìí, pẹ̀lú ìkọ̀wé Kornélia lára. Ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ níbí báyìí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí sínú ìwé. Ọjọ́ orúkọ Kornélia ku ọjọ́ márùn-ún. Ẹ bá mi gbé ìwé náà lọ fún un. Tí kò bá lè dárí jì mí, ẹ má bẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣáà sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́.