Wáyà Tí Mo Sin Sínú Ògiri Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, gbé ìwé tí àwọn dókítà ní kí o fọwọ́ sí yẹn sílẹ̀ ná. Lọ́la ni wọ́n máa la àyà mi, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bá mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọdún mẹ́fà ni mo ti gbé e mì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, ọjọ́ náà ló pé yìí. Orí ìyá rẹ pé títí wọ́n fi kú. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n rò pé kò pé.

O rántí pé nígbà tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ìyá rẹ lè dúró níwájú pátákó ní kíláàsì mọ́, wọ́n ní àwọn á máa fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láti ilé. Ògiri ilé yín nípọn, íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní wáyà kì í dé yàrá ẹ̀yìn. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì fífà, ta ni wọ́n tún máa pè? Wọ́n ní, "Ẹ̀njíníà mi, mi ò mọ wáyà o, ìwọ ni mo mọ̀. Èyí tó bá dáa lójú rẹ ni kí o fà." Orí mi wú. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í sin wáyà sínú ògiri láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ họ okùn tín-ín-rín inú rẹ̀. Bó bá pupa dénú, bàbà ni. Bó bá funfun lábẹ́, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn lára ni, kì í sì í pẹ́ ṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ọlọ́gbọ́n lójú ara mi rí "ojúlówó bàbà" lára páálí tó ń dán, mo ti ọ̀bẹ bọ àpò. Mo gbẹ́ ògiri, mo tẹ́ wáyà, bíríkìlà rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún. Ìyá rẹ pe àwọn ará ilé kejì wá wò ó: "Ẹ wò ó, wáyà ò hàn rárá! Àbúrò mi ló ṣe é."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mò ń gé èyí tó ṣẹ́ kù nínú wáyà náà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀bẹ họ ọ́, mo rí funfun. Mo dìde pé kí n lọ sọ. Mo wá rántí bí wọ́n ṣe ń fi mí yangàn, ìtìjú dì mí lẹ́nu, mo tún jókòó. Kò pé oṣù mẹ́ta, nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Wọ́n á ṣe ìṣirò dé ìdajì, àwọn ọmọ á pòórá lójú kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kọ̀ǹpútà yín ló ti gbó." Wọ́n ra òmíràn, ó tún ń já. Aládùúgbò kan tó mọṣẹ́ ní òun á bá wọn yẹ wáyà wò. Wọ́n ní, "Rárá o, àbúrò mi ló fà á." Mo wà níbẹ̀, mo sì gbọ́.

Ibi tó burú jù nìyí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó tì wọ́n, ó já lójú àwa méjèèjì. Wọ́n wò mí, wọ́n rọra ní, "Àbí wáyà yẹn ni?" Ó ku kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo wo ojú obìnrin tó pọ̀n mí dàgbà, mo ní, "Wáyà kọ́. Ẹ̀yin lẹ ń tẹ ohun tí kò yẹ, tí ẹ sì ń gbàgbé pé ẹ tẹ̀ ẹ́. Àgbà ti ń dé, ẹ̀gbọ́n mi." Wọ́n wo ọwọ́ wọn méjèèjì bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹyin lọ̀rọ̀, ọmọ mi, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bi ọ́ léèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá àwọn ti lo oògùn. Wọ́n fi ẹ̀kọ́ kíkọ́ sílẹ̀, wọ́n ní ẹni tí kò dá orí ara rẹ̀ lójú kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìwọ náà máa ń jágbe mọ́ wọn nígbà míì. Má dá ara rẹ lẹ́bi, èmi ni mo fà á. Ọdún méjì ni wọ́n lò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kú.

Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́, mo rí ìwé kan, mo fi í pamọ́ kí o má bàa rí i. Òun ló wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi yìí. Gbogbo ohun tí ọwọ́ wọn tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń wá àṣìṣe wọn. Ojú ewé tó kẹ́yìn kà pé: "Lónìí mo káwọ́ gbera, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ṣì já. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní èmi ni, kò sì ní purọ́ fún mi."

Sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́ pé kí wọ́n fi ọ̀bẹ họ wáyà kí wọ́n tó sin ín. Bí wọ́n bá ti sin ín tán kí wọ́n tó rí funfun rẹ̀, kí wọ́n fọ́ ògiri. Ìtìjú ọjọ́ kan ni.

Fa ìwé náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, mi ò lè dìde kọ ọ́. Gba bírò yìí. Bá mi kọ ọ́ sábẹ́ ohun tí ìyá rẹ kọ gbẹ̀yìn yẹn pé wáyà ni, pé wọn ò ṣe àṣìṣe kankan. Kọ ìyẹn ná. Lẹ́yìn náà, bí o bá ṣì fẹ́ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ tèmi, fọwọ́ sí i. Bí o ò bá fẹ́, ó máa yé mi.