Irọ́ Tí Mo Fọwọ́ Pa Fún Ọmọ Mi

Mi ò ní í dárúkọ ara mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹrù tó wà lórí mi yìí ti pé ọdún méjì. Ọkọ mi ò mọ̀. Ọmọ tí mo ṣe é sí náà ò mọ̀. Mo rò pé màá gbé e dé sàréè ni, àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí obìnrin kan ń bọ̀ nílé wa. Tí òun àti ọmọ mi bá ti jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, gbogbo ẹ̀ ti tú nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí kọ́kọ́ gbọ́ ọ, bóyá ẹ máa lè là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé ọkọ mi wá sí Maiduguri, Bolori la sì ń gbé. Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé, aṣọ obìnrin ni mo ń rán, fún Yorùbá, fún Hausa, fún Kanuri, fún ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé aṣọ wá. Ọmọ mẹ́ta la bí. Àbíkẹ́yìn wa ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Bùkọ́lá.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, Bùkọ́lá ń sọ̀rọ̀ bí ẹ̀ga. Nígbà ooru ọdún yẹn ni yírùnyírùn mú un, èyí tí wọ́n ń pè ní sankarau níbí. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, àmọ́ etí rẹ̀ méjèèjì lọ. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà lọ.

Èmi àti ẹ̀ wá dá àmì tiwa sílẹ̀. Tí mo bá gbá ikùn, oúnjẹ ti délẹ̀. Tí mo bá ju ọwọ́ sẹ́yìn, ó ti lọ nìyẹn. Àmì wa ò lè ju ogójì lọ, ó sì tó mi. Èmi nìkan ló gbọ́ ọ nílé. Bàbá ẹ̀ pàápàá, ojú mi ló máa ń wò kó tó mọ ohun tí ọmọ ń wí. Ẹ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ inú mi ń dùn sí i. Èmi ni ẹnu ọmọ mi, èmi náà ni etí ẹ̀.

Ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì tó ní kíláàsì fún àwọn adití ni Bùkọ́lá ti pàdé olùkọ́ ẹ̀, Málàmá Yàgáná. Kanuri ni, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún, kò sì tíì bímọ. Adití ni àbúrò ìyá ẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyẹn ló ti kọ́ èdè ọwọ́ láti kékeré. Lálì kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Bó bá ń fi ọwọ́ pupa yẹn sọ̀rọ̀, ọmọ mi kì í ṣẹ́jú.

Kò pé ọdún kan tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mi ò lè tẹ̀ lé. Á ti ilé-ìwé dé, á gbé ọwọ́ sókè kó ròyìn fún mi, èmi á kàn máa mi orí bí alángbá. Á wò mí títí, á wá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí kí ọmọ tẹ́ ẹ bí wò yín kó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀?

Àwọn adití máa ń fún èèyàn lórúkọ tí wọ́n á máa fi ọwọ́ pè é. Ilà tín-ín-rín kan wà lójú Málàmá, ó ti iwájú orí wá sí imú. Orúkọ tí Bùkọ́lá fún un nìyẹn, á fi ìka kan fa ilà láti iwájú orí ara ẹ̀ wálẹ̀, ẹ̀rín á sì ti kún ojú ẹ̀ kí ìka tó dé imú. Tèmi ńkọ́? Á fi ọwọ́ méjèèjì fa ọrùn, bíi téèpù tí mo máa ń gbé kọ́rùn. Iṣẹ́ mi ló fi ń pè mí. Mo jowú ilà ojú ẹlòmíràn, ẹ gbà mí.

Málàmá ní kí gbogbo òbí máa wá kọ́ èdè ọwọ́ láàárọ̀ Sátidé. Ọkọ mi ń lọ. Ó kọ́ ábídí lórí ìka, ó ń ṣe é bí ẹni ń bó ọsàn, àmọ́ ó ń ṣe é. Èmi lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fẹ́ fi ọwọ́ sọ pé mo fẹ́ràn ọmọ mi. Mo ṣì í ṣe, Bùkọ́lá wo Málàmá, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó jọ pé ohun tí mo sọ ni pé ọmọ mi ń yún mi lára. Wọn ò ní èrò burúkú, mo mọ̀. Síbẹ̀ mo gbé báàgì mi, mo ní oníbàárà ń dúró dè mí, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Bùkọ́lá wọ ọdún ìkẹyìn, Málàmá pe èmi àti ọkọ mi. Ó ní ká má dúró dìgbà tó bá ṣe wáyẹ́ẹ̀kì tán ká tó máa wá ibi tó ń lọ. Ó ní ká jẹ́ kó máa dá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Monday Market, kó máa fi ìwé sọ ohun tó fẹ́ rà, kó máa dá se oúnjẹ ara ẹ̀. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ní ògbufọ̀ tó máa ń dúró níwájú kíláàsì. Gbogbo ẹ̀ dára. Ohun tó bí mi nínú ni pé ó kọjú sí ọmọ, ó bi í pé kí ni òun fúnra ẹ̀ fẹ́. Bùkọ́lá fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi tí mo bí i ń wò ó bí ẹni ń wo fíìmù India. Málàmá wá túmọ̀ ẹ̀. Ó ní Bùkọ́lá fẹ́ di olùkọ́ àwọn ọmọ adití.

Olùkọ́. Bíi tiẹ̀. Èmi sì ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ kejì sílẹ̀ dè é.

Bùkọ́lá ṣe wáyẹ́ẹ̀kì, ó yege. Málàmá bá a gba ààyè ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan nílẹ̀ Yorùbá, níbi táwọn adití pọ̀ sí. Wọ́n ní kí òbí fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ká dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà yẹn, wọ́n ti gbé ọkọ mi lọ sí Damaturu fún iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ó ní òun ti gbà, kí èmi àti Málàmá jọ ṣe èyí tó kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó burú nìyí, ẹ má tíì ṣẹ́ mi lépè.

Mo sọ fún Málàmá pé bàbá ọmọ kọ̀. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Níbí, tí wọ́n bá ti ní bàbá ọmọ kọ̀, obìnrin bíi Málàmá ò ní í tún fẹnu sí i. Ó bẹ̀ mí pé kí òun rán ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin lọ bá a. Mo ní tí wọ́n bá dán an wò, orí èmi ni yóò fàbọ̀ sí. Omi lé sójú ẹ̀.

"To, Maman Bukola," ó ní. "Allah ya zaɓa mafi alheri." Kí Ọlọ́run yan èyí tó dára jù.

Mo sọ fún ọkọ mi lórí fóònù pé ààyè ti kún. Nígbà tọ́dún yí po tó tún béèrè, mo ní Bùkọ́lá ti gbà pé télọ̀ lòun fẹ́ ṣe. Ó fi ìka ẹ̀ bi ọmọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ kàn mi orí.

Irọ́ ẹnu nìyẹn. Ti Bùkọ́lá, ọwọ́ ni mo fi pa á. Ó ti ń di ẹrù sílẹ̀. Mo fi ìka fa ilà láti iwájú orí mi wá sí imú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pe orúkọ Málàmá lédè ọwọ́ nìyẹn, ojú ọmọ mi sì tàn. Mo wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti nǹkan dànù, bí mo ṣe máa ń ṣe sí aṣọ tí mi ò fẹ́. Mo nàka sí i. Málàmá, kò fẹ́, ìwọ. Àmì mẹ́ta péré. Ó ní kí n tún un ṣe, mo sì tún un ṣe.

Kò sunkún lójú mi. Ó tú báàgì ẹ̀, ó to aṣọ padà. Lọ́jọ́ kejì ó jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Málàmá yà kí wa ní ṣọ́ọ̀bù. Bí Bùkọ́lá bá ti rí i lókèèrè, á wọlé, á tilẹ̀kùn. Obìnrin náà á ti gbé ọwọ́ sókè láti kí i, kò ní í rí ẹni kí. Èmi á máa gé aṣọ mi lọ, inú mi á máa dùn. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé mìíràn lápá Biu, mo ṣọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ò ṣì mí gbọ́, mo dìde láàárín ìjọ, mo ṣọpẹ́.

Mo rò pé ohun tó ń fún Málàmá yóò wá kàn mí. Kò kàn mí. Ọwọ́ ọmọ náà kàn dákẹ́ ni. Àmì ogójì tiwa pàápàá, kò lò ju bíi márùn-ún lọ mọ́. Oúnjẹ, oníbàárà, òwú ti tán, mo ti parí ẹ̀, mo fẹ́ sùn. Àwọn oníbàárà á máa yìn ín pé ọmọ yìí mà ṣe jẹ́jẹ́ o. Mo máa ń sọ fún ara mi tẹ́lẹ̀ pé ọmọ ẹni ò ní í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àṣé èmi gan-an ni mò ń já ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ mi.

Lóṣù tó kọjá, mo ṣí ìwé tí mo máa ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Bùkọ́lá ti kọ nǹkan sábẹ́ ìwọ̀n ìyàwó tuntun kan ní Bulabulin. Òyìnbó ló fi kọ ọ́, ohun tó ń béèrè ni pé, "Mọ́mì, kí ni mo ṣe fún Málàmá?" Mo kà á. Mo ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, mo kọ ìwọ̀n ẹlòmíràn síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Málàmá fúnra ẹ̀ pè mí. Wọ́n ti dá a padà sí Maiduguri.

"Ina 'yarmu?" ó ní. Ọmọ wa ńkọ́?

Ọmọ wa! Kí n má parọ́ mọ́, owú yẹn tún gbérí lọ́kàn mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní fọ́ọ̀mù ọdún yìí ti jáde, òun ti gba ọ̀kan, òun á mú un wá lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní bóyá inú bàbá ọmọ ti rọ̀, òun á kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni! Òun náà á wà nílé lọ́jọ́ náà.

Ẹ máa ní kí n jẹ́wọ́ fún ọkọ mi. Màá jẹ́wọ́, bó bá fẹ́ kó lé mi. Ẹ máa ní kí n bẹ Málàmá. Mo gbọ́ Hausa tó láti bẹ̀ ẹ́. Bùkọ́lá ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe tiẹ̀. Nínú gbogbo àmì wa, kò sí èyí tó ń jẹ́ dárí jì mí. Kò sí èyí tó ń jẹ́ owú. Àmì mẹ́ta ni mo fi parọ́, mi ò sì ní ẹyọ kan tí mo lè fi tú u. Ẹni kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó lè túmọ̀ ẹ̀ fún un ni Málàmá. Ṣé kí n jókòó láàárín wọn, kí n máa sọ fún obìnrin yẹn pé mo jowú rẹ̀, kó máa fi ọwọ́ lálì rẹ̀ sọ ọ́ fún ọmọ mi? Mo lè kọ ọ́ sínú ìwé lóòótọ́, Bùkọ́lá á kà á. Àmọ́ láti ìgbà tó ti mọ̀wé kà ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ìwé bí ẹni ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì. Èyí, mo fẹ́ kó máa wò mí lójú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí irú ọmọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ èdè rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ní ohun tẹ́ ẹ máa fi bẹ̀ ẹ́.

Lánàá, mo kọ ọ̀rọ̀ kan fún Bùkọ́lá sórí bébà, òpùrọ́ ní èdè òyìnbó. Mo ní kó fi ọwọ́ ṣe é kí n rí i. Ẹnu yà á, nítorí mi ò ní kó kọ́ mi ní nǹkan kan rí. Ó fi ìka kan gba iwájú ètè ẹ̀ kọjá. Mo ṣe é. Ó mú ìka mi, ó tún un ṣe fún mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé oníbàárà kan ló bí mi nínú. Ó wá gbé ojú sókè, ó na ọwọ́ yí ṣọ́ọ̀bù ká: ta ni?

Mo ṣe bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ó ṣì ń dúró kí n dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ṣé kí n nàka sí àyà ara mi kí Sátidé tó dé, àbí kí n dúró de Málàmá?