Ọmọlangidi Tí Mo Gbé ní Ọ̀kà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo ìkànnì mi, èmi Munir ará Ìkàrẹ́, tó ń ṣa ọmọlangidi àtijọ́ jọ, ni. Ẹ ò ní gbọ́ orin tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ ò sì ní rí ẹ̀rín lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè sùn tì í mọ́. Bí mi ò bá pọ̀ ọ́ lónìí, òun ni yóò pa mí.

Ẹ rántí jagunjagun oníke aláwọ̀ búlúù tí mo fi hàn yín, èyí tí ẹ gbé fídíò rẹ̀ káàkiri ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Mo sọ fún yín pé inú ẹrù òkìríkà ni mo ti ṣà á ní ọjà Ìkàrẹ́. Irọ́ ni. Mo jí i gbé ni. Ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, torí pé olè yẹn gan-an ló kéré jù nínú ohun tí mo ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Limota, ló ni ín. Ọ̀kà ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Alfa Abdulqoyum. Ó bí ìbejì, Hassan àti Hussein, Hassan sì kú kó tó rìn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ: wọn á gbẹ́ ère fún un, wọn á máa wẹ̀ ẹ́, wọn á máa bọ́ ọ, kí èyí tó kù má baà tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n Alfa kò fẹ́ rí igi gbígbẹ́ nínú ilé rẹ̀. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá dá ọgbọ́n: ó ra ọmọlangidi oníke, ó ní tọ́ì Hussein ni. Ọkọ rẹ̀ kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn, mo rí i lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ ni mo ti ń wá láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí! Mo yí i padà, mo rí òǹtẹ̀ ọdún tí wọ́n ṣe é lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo mọ̀ pé ògbólógbòó ni, pé wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Mo ní, "Hussein, kí lorúkọ ẹni yìí?" Ọmọ náà wò mí bí ẹni pé mi ò mọ nǹkan kan. Ó ní, "Hassan ni."

Nígbà tí Alfa jáde lọ kírun ìrọ̀lẹ́, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó fún mi, pé màá ra òmíràn fọ́mọ. Ó fa ìlẹ̀kùn tì. Ó ní, "Munir, o ò rí òwú tí mo so mọ́ ọn nídìí ni? O ò rí ẹ̀wà lẹ́nu rẹ̀? Má fọwọ́ kàn án mọ́ o. Bí Alfa bá gbọ́, ilé yìí máa gbóná." Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kó yé yín: kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Mi ò lè sọ pé àìmọ̀ ni. Ó lọ bu omi tútù wá fún mi, kó tó dé, èmi abaramóorejẹ yìí ti ki ọmọlangidi náà bọ àpò. Mo mu omi náà tán, mo sì dúpẹ́.

Ní Ìkàrẹ́, mo fi abẹ́ gé òwú ìdí rẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ àdí kúrò lára rẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀wà tó há sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni mo tan fóònù. Ẹ rántí ohun tí mo sọ? Mo ní ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò mọ̀ nípa ìtọ́jú. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́! Ẹ̀yin náà bá mi rẹ́rìn-ín. Níbi tí mo ti ń yí apá òsì rẹ̀ kí ẹ lè rí oríkèé rẹ̀ dáadáa, ó dún kàá, apá já sí mi lọ́wọ́. Mo gé ibẹ̀ kúrò nínú fídíò. Apá ọ̀tún nìkan lẹ rí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Limota pè mí. "Munir, Hassan ti sọnù. Ṣé o rí i kó o tó lọ?" Mo ní mi ò rí i. Ó ní, "Ara Hussein gbóná bí iná. Kò jẹun. Ó kàn ń sọ pé apá ń dun òun." Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò bèèrè apá wo. Títí dòní mi ò bèèrè, ẹ̀rù ni kò jẹ́. Mo wo ọmọlangidi náà lórí tábìlì, ó ń wò mí. Mo fi aṣọ bò ó. Mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò rí oorun sùn. Mo gbé e sórí àjà, ó wá ń dà bíi pé mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọdé lókè. Eku ni. Mo mọ̀ pé eku ni, síbẹ̀ mo ń kọ́ ẹnu mi pé kó má pè é lórúkọ.

Ká ní mo gbé e padà nígbà yẹn, ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n apá ti já, ojú sì ń tì mí. Wọ́n wá ránṣẹ́ pè mí sí Ọ̀kà. Ẹbí ti pé sí pálọ̀ Alfa, àṣírí ọmọlangidi náà ti tú sí i lọ́wọ́. Limota ń nawọ́ sí orogún rẹ̀, Àsàmáù, ìyàwó kékeré, nítorí pé ó ti sọ rí pé ohun tí Limota ń ṣe kò bá ẹ̀sìn mu. Àsàmáù ń sunkún. Ó ní, "Wàláì, mi ò fọwọ́ kàn án. Bùrọ̀dá Munir wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bi wọ́n, wọn ò ní purọ́ mọ́ mi." Alfa kọjú sí mi. "Munir, àna mi ni ọ́. Kí lo rí?"

Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Ibí yìí ló le jù.

Mo ní, "Mo rí Àsàmáù tó kó nǹkan búlúù kan pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí tó gbá."

Alfa ní òun kò gba ère gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó lè da nǹkan ọmọ ọlọ́mọ nù nítorí owú kò ní sùn lábẹ́ òrùlé òun. Wọ́n di ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ugbè, tòun toyún nínú. Ẹ̀gbọ́n mi dì mọ́ mi, ó ń dúpẹ́, ó ní ọmọ ìyá ẹni lọmọ ìyá ẹni ń jẹ́.

Wọ́n gbé Hussein lọ sí ọsibítù, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ó máa ń ya ẹ̀wà díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àwo rẹ̀, ó máa ń bi ìyá rẹ̀ pé níbo ni Hassan ń sùn. Ẹ̀rù ń ba Limota pé ibà náà á tún padà. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ yẹn, ta ló pa á?

Ẹ̀rù yìí ló lé mi dé Ugbè. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Àsàmáù ní àgbàlá bàbá rẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Mo rò pé á bú mi. Ó ń já ẹ̀fọ́, kò sì dúró. Ó ní, "Bùrọ̀dá Munir, ẹ dìde. Èmi àtẹ̀yin nìkan la wà níbí. Níbi tẹ́ ẹ ti bà mí jẹ́, èrò wà ńbẹ̀. Gbogbo Ọ̀kà ló ti gbọ́ pé olè ni mí. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi térò bá pọ̀ sí." Ibi kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé èrò pọ̀ sí ni ọ̀dọ̀ yín níbí.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o: Àsàmáù kò gbé nǹkan kan. Èmi Munir ni mo gbé e, èmi náà ni mo purọ́ mọ́ ọn. Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ mú ìyàwó yín wálé kó tó bímọ síta. Limota, ìyá mi kejì, mi ò mọ ẹnu tí màá fi bẹ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣa ọmọlangidi jọ bíi tèmi, ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ohun tí ẹ bá rí lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ẹ wò ó. Mo ti sún un mọ́ fóònù. Apá òsì tí mi ò fi hàn yín nìyí. Mo ti fi gáàmù lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ojú ibi tó ti já ṣì ń hàn. Ọ̀kà ni mò ń gbé e lọ báyìí. Mi ò mọ ohun tí Alfa máa fi mí ṣe. Ẹ bú mi bó bá ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n nínú kọ́mẹ́ǹtì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní tọ́ì mọ́. Hassan ni.