Orí Àpò Nìkan

Orí àpò kòkó ni mo jókòó sí nínú mọ́tò tó ń ti Owena bọ̀, tí mo ń gbọ́ iyàn ọmọbìnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà méjèèjì, lórí ìwé ìlò tí ọmọbìnrin náà kọ fún ètò kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ rẹ̀.

"O ní ètò yín máa ń mọ irú fáìlì tó bá rí. Ṣé ó ń kà á tán ni?"

"Rárá, bọ̀dá mi. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni."

"Ohun tí ètò náà pe fáìlì yín ni ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ gbà gbọ́, tó fi rò pé kò wúlò, tó sì pa á rẹ́. Ìwọ ọmọ oníkòkó! Ṣebí kòkó tó dáa ni wọ́n ń kó sórí àpò, tí èyí tó bàjẹ́ á wà nísàlẹ̀? Kọ ọ́ sínú ìwé náà pé orí àpò nìkan ló ń wò."

"Bí mo bá kọ ọ́, àwọn tó ń lò ó ò ní gba ètò náà gbọ́ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ lu àpò tí mo jókòó lé.

"Ìwọ ni wọ́n máa gbà gbọ́."