Èmi Ni Mo Wa Mọ́tò Aláìní-Nọ́ńbà Yẹn

Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ dá orin dúró ná. Mi ò lè jókòó mọ́. Òótọ́ kan há mi lọ́fun. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, yóò pa mí. Àìsàn kò ṣe mí, ẹnikẹ́ni kò sì halẹ̀ mọ́ mi. Ẹ mọ̀ mí, èmi Rẹ̀mílẹ́kún tó ń ta mọ́tò tòkunbọ̀ ní Siluko Road, mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Akínfẹ́mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbí báyìí ni, ó ní, "Ẹ bá mi gbàdúrà, ọ̀la ni ẹjọ́ mi. Ẹ sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Sister Rẹ̀mí, àwọn ló ṣe onídùúró mi." Ẹ wá ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Fún èmi ọ̀dájú!

Mọ́tò búlúù méjì ni mo kó wá láti Kútọnu. Mo ta ọ̀kan fún Akínfẹ́mi. Ìwé àṣẹ ìgbà díẹ̀ wà lára gíláàsì méjèèjì, èyí tí ìjọba fi ń gbà wá láyè láti wà á kí nọ́ńbà tó jáde. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mò ń sáré gbé tèmi lọ fún oníbàárà, ni mo bá gbá bàbá kan tó ń ti bárò gààrí nítòsí ọjà Oliha. Gààrí fọ́n sójú títì. Bàbá ń ké, "My leg o!" Mo rántí pé mọ́tò náà kò ní nọ́ńbà. Mo ní, ta ni yóò mọ̀ mí? Mo tẹná, mo sá lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, oníbàárà ti gbé mọ́tò náà kúrò ní ìlú Benin níbí.

Àwọn tó rí mi kò rí ju mọ́tò búlúù, kò sí nọ́ńbà, ìwé wà lójú gíláàsì. Akínfẹ́mi ní tirẹ̀ sọ pé òun kò ní fi nọ́ńbà sí tòun títí Pásítọ̀ yóò fi ta òróró sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, òróró ṣì ń ṣàn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ọlọ́pàá dé. "Na who get dis motor?" Akínfẹ́mi rẹ́rìn-ín. "Na me, oga. Come chop rice." Ó rò pé wọ́n wá bá òun yọ̀ ni! Ó ní òun kò tíì wà á kọjá àdúgbò Ogbe. Ọlọ́pàá yíjú sí mi. "Madam, na you sell am. E comot on Friday?"

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Mo ní, "Mo rí i. Ọ̀nà ọjà ló ń sáré lọ." Akínfẹ́mi wò mí, ó ní, "Sister Rẹ̀mí, bóyá ẹlòmíì lẹ rí." Wọ́n gbé e lọ. Báǹkì tó ti ń ṣiṣẹ́ lé e lẹ́nu iṣẹ́. Mo wá lọ ṣe onídùúró rẹ̀ kí n lè rí oorun sùn. Mi ò rí i sùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìwé yẹn gbà yín láyè láti wa mọ́tò, kò gbà yín láyè láti sá. Mo bẹ bàbá onígààrí, mo bẹ gbogbo yín. Akínfẹ́mi, má tíì sọ pé o dárí jì mí. Tèṣán ni mò ń lọ báyìí. Dìde, tẹ̀ lé mi, kí etí rẹ gbọ́ ọ nígbà tí mo bá ń sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọ.