Ibà Kọ́ Ló Pa Kíkẹ́lọmọ

Má kí mi, Tímótì. Má dọ̀bálẹ̀, má sì gbé àga fún mi, n ò wá jókòó. Inísà ni mo ti ń bọ̀ láti àárọ̀, mo dúró de mọ́tò títí oòrùn fi mú mi lórí, nítorí ìwé kan tí ìwọ fi ọwọ́ ara rẹ kọ. Ṣé ìwé àwọn tó kú lo ṣì ń kọ ní ọ́fíìsì Òkukù yìí? Ó dáa. Wá ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí o wo ohun tí o kọ síwájú orúkọ ọmọ mi.

Ibà. Ibà lo kọ síbẹ̀, àbí kí ni?

Wọ́n ti mú Nọ́ọ̀sì Margaret kúrò ní sẹ́ńtà ìlera wa, o mọ̀. Òun nìkan ló mọ abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ọmọ́dára, àbúrò Kíkẹ́lọmọ, gbé oyún oṣù mẹ́jọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àga òfìfo ló bá. Wọ́n ní wọ́n ti gbé nọ́ọ̀sì lọ síbi tí àwọn abiyamọ ti ń kú, pé nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá, abiyamọ kan ṣoṣo ò kú ládùúgbò tiwa. Mo ní kí ọmọ mi tún un sọ. Ó tún un sọ, ó ń fi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀.

Kíkẹ́lọmọ ńkọ́? Ṣé igi ni mo bí ni?

Má sọ pé kí n fara balẹ̀. Mo ti fara balẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ohun tó sì bí fún mi nìyẹn.

O kúkú mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1994, tí epo mọ́tò wọ́n ju oògùn lọ, Kíkẹ́lọmọ bímọ nílé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì wa láàárọ̀, ọmọ ké, a kọrin ọpẹ́, a wá ń retí ibi ọmọ. Ibi ò bọ̀. Wọ́n fún un ní omi àdúrà mu, a tún kọrin, ibi ò bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń bọ̀. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ gba orí ẹní dé ẹnu ọ̀nà ni ìyá àgbẹ̀bí tó ní ká wá mọ́tò. Mọ́tò wo? Akẹ́rù oníṣu kan ló ṣàánú wa. Orí itan mi ló wà lójú ọ̀nà Ìkìrun tó ní, "Màámi, òtútù ń mú mi," nínú oòrùn ọ̀sán gangan, Tímótì. Mo tú ìró mi bò ó. Kò tún sọ nǹkan mìíràn.

A dé ọsibítù, wọ́n ní òkú la gbé wá, káàdì alààyè nìkan làwọn ń kọ. A padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣí ìwé tiwọn: ó bí ọmọkùnrin, ó sì jáde láyọ̀. Jáde láyọ̀! Wọ́n ní àwọn ò purọ́, kò sí nínú ilé àwọn nígbà tó kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ojú ọ̀nà ló kú sí, ojú ọ̀nà ò sì ní ìwé.

Ìwọ nìkan ló wá kù. Lóṣù kẹta tó kú, ìwọ àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n rán láti Ìbàdàn ń gba ojúlé dé ojúlé, ẹ ń béèrè obìnrin tó kú nínú oyún, tàbí lórí ìkúnlẹ̀, tàbí kí ogójì ọjọ́ tó pé. Ọmọbìnrin yẹn ò mọ̀ mí. Ìwọ ọmọ Jọláyẹmí, tí ògiri ilé yín àti tiwa fara kanra, ìwọ mọ̀ mí. O wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Èmi ò mọ ibẹ̀ dòní, ìwọ mọ ibẹ̀. O wá béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló pa á. Mo wò ọ́ lójú, mo ní ibà. O wo ilẹ̀, o kọ ibà.

Kí ló dé tí o fi kọ ọ́?

Ẹ̀n-ẹ́n. Àgbà ló sọ ọ́. Ọmọ tó bá níwà kì í já àgbà nírọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ́ àwọn tèmi. Ṣùgbọ́n ṣé ìwà ni wọ́n ní kí o wá kọ sí fọ́ọ̀mù ni, àbí ikú? O ò lè tún un kọ nígbà tí o dé ìta? O ò lè padà wá lọ́jọ́ kejì, kí o ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́"? Ojúlé mélòó mìíràn ni àgbà ti wò ọ́ lójú, tó ní ibà, tó ní inú rírun, tó ní ayé ni, tí o wo ilẹ̀ tí o sì kọ ọ́? Mo mọ mẹ́rin láti ìsàlẹ̀ ilé wa dé ọjà. Ọ̀wọ̀ burúkú ni ọ̀wọ̀ rẹ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo purọ́. Ṣé mo sẹ́ ni? Àwọn àna Ọmọ́dára ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti ń wádìí ìdílé wa kiri. O mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: ilé tí ọmọbìnrin wọn bá ti kú lórí ìkúnlẹ̀, àbúrò á tọ̀ ọ́. Ta ni ì bá fẹ́ ẹ? Mo fi irọ́ bo ọ̀kan kí èkejì lè rílé ọkọ. Ó rílé ọkọ. Irọ́ tó fún un lọ́kọ náà ló gba nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, mo ti sọ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ọlọ́run kọ́ ni bírò wà, ọwọ́ rẹ ni.

Kí lo wí? Pé ìwé ti lọ sí Ìbàdàn? Kọ òmíràn tẹ̀ lé e. Oṣù kan péré ló kù fún Ọmọ́dára.

Kọ ọ́: Kíkẹ́lọmọ, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ìbímọ ló pa á. Kọ ọ́ pé ìyá rẹ̀ ló ní ibà, kọ ọ́ pé irọ́ ni ìyá rẹ̀ pa. Kí àwọn àna wa kà á bí wọ́n bá fẹ́. Bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ lé Ọmọ́dára padà wá bá mi, kí wọ́n lé e wá. Kó ṣáà ti jẹ́ láàyè ni wọ́n lé e wá.